Kí Iná Mànàmáná Tó Wọ Ilé ní New York

Bí a bá dárúkọ Thomas Edison, ọmọ Amẹ́ríkà, a-sòru-dọ̀sán, gílóòbù tí ó ṣe ní ọdún 1879 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ tí ó ṣe kí wáyà kan tó wọlẹ̀ ní ìlú New York ni ó tọ́ sí ìyìn jù, nítorí òun ni ó mú kí iná náà dé ilé àti ilé ìtajà.

Gáàsì ni àwọn ará ìlú náà ń tàn nígbà náà, bàbà tí a fi ń ṣe wáyà sì wọ́n bí ojú: ẹni tí ó bá sin wáyà tí ó nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, owó ara rẹ̀ ni ó sin; ẹni tí tirẹ̀ bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, iná rẹ̀ yóò máa ṣe bàìbàì bí ó bá ti dé ìpẹ̀kun òpópó. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Edison kó àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń mọ ilé tí iná lè tètè jó, ó ya agbègbè kan sọ́tọ̀ ní ìsàlẹ̀ Manhattan, lẹ́bàá Wall Street, ó sì rán àwọn ènìyàn lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n ka ẹnu gáàsì tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n béèrè iye tí onílé ń san, kí wọ́n sì wo ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èyí nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọkùnrin kan yóò jáde, yóò máa rin agbègbè náà já, yóò sì máa kọ iye iná tí ń jó nínú ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá di aago mẹ́ta, yóò tún gba ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe títí aago méjì òru yóò fi lù. Láti inú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni ó ti mọ wákàtí tí iná ń pọ̀ jù ní òpópó kọ̀ọ̀kan, bí wáyà ibẹ̀ yóò ti nípọn tó, àti bí ẹ̀rọ amúnáwá yóò ti lágbára tó.

Síbẹ̀, bàbà kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó wá dọ́gbọ́n kan: wáyà ńlá láti ilé ẹ̀rọ amúnáwá dé àárín agbègbè, kí àwọn kéékèèké tó ti ibẹ̀ ya wọ ilé, bàbà tí ó kù láti rà sì di bí ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882 ni ilé ẹ̀rọ náà, ní òpópó Pearl Street, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú bí 400 gílóòbù, tí 52 nínú wọn wà ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn New York Times. Edison kò gba owó iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún oṣù mélòó kan, títí ó fi dá a lójú pé iná náà dúró ṣinṣin. Nígbà tí ó sì fi di ọdún 1884, gílóòbù tí ń jó ní agbègbè náà ti lé ní 10,000.