Fótò Ọ̀dọ́ ní Kétu: Láti Àga Àgbà dé Studio Plaisir

Lọ́dọọdún, nígbà tí ìdánwò BAC bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì terminale ní àwọn ìlú wa máa ń ya fótò ìrántí. Láyé àtijọ́, gbogbo kíláàsì ni yóò tò yí olùkọ́ ká, tí a ó sì ya wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lóde òní, olúkúlùkù ọmọ ń fẹ́ fótò tirẹ̀, èyí tí yóò fi irú ẹni tí òun jẹ́ hàn. Ẹni tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yóò gbé bọ́ọ̀lù dání. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ yóò fi téèpù kọ́ ọrùn. Àwọn òbí mìíràn ń kùn pé àṣà Amẹ́ríkà ni èyí, pé inú fíìmù àti inú tẹlifóònù ni àwọn ọmọ ti kó o. Àròkọ yìí fẹ́ fi hàn pé àṣà náà ní gbòǹgbò nílé, àti pé ìlú Kétu gan-an wà lára ibi tí ó ti gbèrú. Bí ohun kan bá wà tí ó yẹ kí ó kó ìdààmú bá wa, ìfẹ́ àwọn ọmọ kọ́ ni. Bí fótò àwọn ọ̀dọ́ àná ṣe ń ṣègbé lọ nínú àpótí wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa ọnà Yorùbá, tú ọ̀rọ̀ náà “àwòrán” sí ohun tí a ń wò láti fi rántí. Ìrántí wà nínú orúkọ náà kí kámẹ́rà tó dé. Robert Farris Thompson, ẹni tí ó bá àwọn Yorùbá tí ó mọ ère dá sọ̀rọ̀ nípa ère tí ó dára àti èyí tí kò dára, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn: jíjọra. Ère rere gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ọ́ jù. Ó tún kíyè sí i pé agbẹ́gilére a máa fi ènìyàn hàn ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nígbà tí agbára rẹ̀ pé, kódà bí ẹni náà bá ti darúgbó. A rí i pé àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé àwòrán kì í ṣe ojú nìkan. Ó ń yan ohun tí yóò fi hàn lára ẹni àti ohun tí yóò fi pamọ́.

Ọdún 1839 ni a kéde iṣẹ́ fótò ní ìlú Paris. Kò pẹ́ púpọ̀ tí iṣẹ́ náà fi dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn sì kọ́ ọ. Ní Lomé, Alex Acolatse, tí a bí ní ọdún 1880, lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ náà lábẹ́ ìjọba Jámánì àti lábẹ́ ìjọba Faransé. Àwọn Yorùbá pàápàá kò gbẹ́yìn. Òpìtàn Erika Nimis ti kọ ìwé kan tí ó fi hàn bí àwọn ayàwòrán Yorùbá ṣe gbé kámẹ́rà rìn gba ojú ọ̀nà òwò lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, bí a ṣe ń gbé aṣọ àti àwo lọ tà. Ẹni tí ó bá sì kọ́ iṣẹ́ tán a gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, a sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbòmíràn.

Irú fótò wo ni wọ́n ń yà nígbà náà? Èyí tí a mọ̀ jù ni fótò àgbà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní ọdún 1978. Àgbà yóò jókòó sórí àga, yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ yóò wà lórí itan tàbí lórí orúnkún, yóò ya ẹsẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ lè tẹ́ dáadáa. Bí ó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ oyè tàbí ọ̀pá àṣẹ, yóò hàn. Kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ilé àwọn àgbà wa, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ti rí irú fótò bẹ́ẹ̀ lókè ògiri pálọ̀. Ipò ni ó ń sọ. Ó ń wí fún àlejò pé: baálé nìyí, ìyálóde nìyí, alhaji nìyí. Bí ẹni náà ṣe ń ṣe àwàdà tàbí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn nínú kò sí nínú rẹ̀, a kò sì retí pé kí ó wà níbẹ̀.

Sprague tún rí ohun kan tí ó yẹ kí a rántí. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya wọ́n, ayàwòrán yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí àwọn méjèèjì lè jókòó pa pọ̀. Fótò ti wá gba ipò ère ìbejì nínú ilé mìíràn. Ayàwòrán wa kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń tẹ bọ́tìnnì. Ó mọ ohun tí ìyá ọmọ ń wá, ó sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà fún un.

Ẹ̀gbẹ́ kejì fótò àgbà ni fótò ìjọba. Ìjọba amúnisìn ń béèrè fótò fún ìwé ìdánimọ̀, àwọn ìjọba tí ó tẹ̀lé e sì ń béèrè rẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ yìí bọ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán. Augustt Azaglo, tí a bí ní Kpalimé ní ilẹ̀ Tógò ní ọdún 1924, lọ tẹ̀dó sí Korhogo ní Côte d'Ivoire, níbi tí ó ti ya àìmọye àgbẹ̀ àti ọ̀dọ́ fún káàdì ìdánimọ̀. Nínú fótò bẹ́ẹ̀, ìjọba ni ó ti yan ohun gbogbo: orí gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ojú gbọ́dọ̀ là, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹni tí a ń yà kò ní ohùn níbẹ̀.

Kí ni ti Amẹ́ríkà tí àwọn òbí ń mẹ́nu bà? Òótọ́ ni pé ó ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1860, George Kendall Warren, ayàwòrán kan ní agbègbè Boston, ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ yege ní Harvard, Yale àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn. Wọ́n ń gba fótò ara wọn, wọ́n sì ń dì wọ́n pọ̀ di ìwé ìrántí. Ṣùgbọ́n orí àti èjìká nìkan ni ọ̀pọ̀ fótò wọ̀nyẹn fi hàn, tí ọmọ kan jókòó bí èkejì. Kí ọ̀dọ́ máa fi ìwà àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ hàn nínú fótò kò bá àṣà yẹn bẹ̀rẹ̀. Ó dé lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ wọn, ó sì dé lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, láìjẹ́ pé a yá a lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀dọ̀ wa, sítúdíò ni ilé rẹ̀. Ní Bamako, Seydou Keïta ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní ọdún 1948. Ó ní aago ọwọ́, rédíò àti aṣọ òyìnbó tí oníbàárà lè yá fún fótò. Ní ìlú kan náà, Malick Sidibé ya àwọn ọ̀dọ́ ìgbà òmìnira bí wọ́n ṣe ń jó. Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou, tí a bí ní ọdún 1912, fi iṣẹ́ náà ṣe ayé rẹ̀, ó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀, Leonce Raphael, ẹni tí fótò àwọn ará Àjàṣẹ́ tí ó yà ti rin ìrìn-àjò dé òkè òkun.

Ní Kétu, orúkọ tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ni Rachidi Bissiriou. Kétu ni a bí i sí ní ọdún 1950. Ní 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ó ṣí Studio Plaisir. Ọmọ ọdún 18 ni. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀: ọjọ́ orí ọmọ terminale ni ayàwòrán náà wà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń yà, ó mọ orin tí wọ́n ń jó àti irú ṣòkòtò tí wọ́n ń rán. Ọ̀dọ́ ni ó ń wo ọ̀dọ́. Kò sí ìdí tí ẹni tí a ń yà yóò fi ṣe bí baálé lórí àga bí kò bá wù ú.

Kámẹ́rà rẹ̀, Yashica olójú méjì, tún kó ipa nínú ọ̀rọ̀ náà. Ojú kan wà fún wíwò, èkejì wà fún yíyà. Ayàwòrán kì í gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sí ojú ara rẹ̀. Ìhà àyà tàbí ikùn ni ó ń gbé e sí, tí yóò tẹrí ba wo dígí tí ó wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń wo ẹni tí ó dúró, èyí sì ń mú kí ó ga, kí ó níyì. Fíìmù kan kò ju fótò 12 lọ, fíìmù náà sì wọ́n. Èyí ni ó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ń yà láìrò ó. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì, oníbàárà ti gbọ́dọ̀ mọ aṣọ tí yóò wọ̀, ẹni tí yóò bá a dúró, ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí àti ohun tí yóò mú dání. Ètò ni ó ń bí fótò rere, ẹni tí a ń yà sì wà lára ẹni tí ó ń ṣètò.

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí ọmọ bá yá aago tí kì í ṣe tirẹ̀ fún fótò, ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n jíjọra ti dá a lóhùn. Àwòrán kò sọ ohun tí ènìyàn ní nìkan. Ó ń sọ ohun tí ó ń lé pẹ̀lú. Bí agbẹ́gilére bá lè fi arúgbó hàn ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí ni ó burú bí ọ̀dọ́ bá fi ìgbésí ayé tí ó ń retí hàn? Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé ni ibi tí ó bá ti jẹ́ ẹlòmíràn ni ó yan ohun gbogbo fún un, tí ọmọ náà kò sì mọ ara rẹ̀ mọ́ nínú fótò.

Ní ọdún 2004, lẹ́yìn ọdún 36, Studio Plaisir ti ìlẹ̀kùn. Àwọn nẹ́gátíìfù Bissiriou kò ṣègbé, èyí ni ó fi ṣeé ṣe kí ìwé fótò rẹ̀, Gloire Immortelle, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n mélòó ni sítúdíò tí ó ti wọlé ní àwọn ìlú wa tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ibi tí nẹ́gátíìfù wọn wọlé sí? Ọ̀rinrin ń jẹ fótò, ikán ń jẹ àpótí. Ní ọdún 1886, ogun Dahomey fọ́ Kétu, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Inú oríkì ìdílé ni a ti ń wá àwọn tí a kó lọ nígbà náà, nítorí kò sí fótò tí a lè wò rántí wọn. Láti ọdún yẹn sí ìgbà tí Studio Plaisir ṣí jẹ́ ọdún 82. Ìran tí ó ní fótò tí kò sì tọ́jú rẹ̀ kò ní àwáwí tí àwọn ará ìgbà ogun ní.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ya fótò yín, ẹ sì ṣètò rẹ̀ bí àwọn ará sítúdíò ti ń ṣe. Ẹ ṣe bí ẹni pé 12 péré ni ẹ ní. Ẹ yan ibi tí ó ní ìtumọ̀ fún yín, ìbáà jẹ́ ẹnubodè Àkàbà Ìdènà tàbí iwájú ìsọ̀ ìyá yín. Ẹ jẹ́ kí àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ àkókò rẹ̀, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa da òjìji sí ojú. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiyín dání. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, nítorí tẹlifóònù tí ó bá bàjẹ́ a máa gbé fótò inú rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ya tiyín, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àpótí. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó wà nínú fótò kọ̀ọ̀kan, ọdún tí a yà á, ẹni tí ó yà á àti ìdí tí a fi yà á. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ní Yorùbá àti ní Faransé. Ìyá àgbà yín ti jẹ́ ọmọ ọdún 18 rí, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti yan aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ sí sítúdíò. Òun nìkan ni ó lè sọ ìdí tí ó fi yan aṣọ náà, kò sì sí ẹni tí a ó tún bi léèrè bí ó bá ti lọ.