Gbígba Àwòrán Géèmù sórí Kọ̀ǹpútà: Láti Kásẹ́ẹ̀tì Kánò dé HDMI

Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1911, ìjọba amúnisìn la Sabon Gari sílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún Yorùbá, Ìgbò àti àwọn mìíràn tó wá láti gúúsù. Àdúgbò yìí ni ilé sinimá Rex ti bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì VHS tí ilé-iṣẹ́ JVC gbé jáde ní 1976 wá gbòde, Kánò di ojúkò àwọn adàkọ, pàápàá ọjà Kofar Wambai. Fíìmù Amẹ́ríkà ń gba Dubai wọlé. Wọ́n á so ẹ̀rọ kan tó ń ṣeré mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀, àdàkọ á sì ti ibẹ̀ lọ sí Niger àti Chad. Brian Larkin, tó ṣèwádìí lórí òwò yìí, ṣàlàyé àbùkù rẹ̀: bí àdàkọ bá ti ń bí àdàkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣú, tí ohùn sì ń há. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí fíìmù Hausa *Turmin Danya* jáde ní 1990, ọwọ́ àwọn adàkọ wọ̀nyí kan náà ni àwọn tó ń ṣe fíìmù gbé ọjà wọn lé, nítorí àwọn ló ní ẹ̀rọ, tí wọ́n sì mọ oníbàárà.

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ni agbágéèmù kọ́kọ́ lò láti gba àwòrán géèmù sílẹ̀. Wáyà ìyeyè ń gbé àwòrán, pupa àti funfun ń gbé ohùn.

Kọ̀ǹpútà ló lè wo àbùkù àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì sàn, torí àdàkọ fáìlì kì í ṣá. Ìwọ̀n ló di ìṣòro. Tẹlifíṣọ̀n wa ń fi àwòrán 25 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a kò bá fún un mọ́ra, wákàtí kan á gba nǹkan bí gígábáìtì 75. Nígbà tí PlayStation jáde ní 1994, dísìkì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé kò tó gígábáìtì kan. Ọgbọ́n ìfúnmọ́ra H.264, tó jáde ní 2003, ló tú u sílẹ̀. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Hauppauge gbé ẹ̀rọ agbàwòrán HD PVR jáde fún ìlò ilé.

Àmọ́ wáyà HDMI ti mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní HDCP dé. Bí PlayStation 3 bá fi HDMI so mọ́ ẹ̀rọ agbàwòrán, òkùnkùn lásán ni onítọ̀hún á gbà. Àwọn agbágéèmù bá padà sídìí wáyà tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn YouTube ní 2005 àti Twitch ní 2011, ènìyàn ń jókòó wo géèmù ẹlòmíràn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àwòrán tí wọ́n ń tì mọ́lé wá di ìpolówó ọ̀fẹ́. Sony, tó ni PlayStation, náà wá gbà, bí àwọn onífíìmù Kánò ti gbà ṣáájú, pé adàkọ lè jẹ́ alágbàtà. PlayStation 4 ti 2013 ní bọ́tìnnì Share, tó ń tọ́jú ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn. Ní 2014, wọ́n jẹ́ kí oníǹkan lè pa HDCP lásìkò géèmù. Ètò kọ̀ǹpútà OBS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń gba àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà láìgba kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, aláṣẹ géèmù ṣì lè dí apá tí kò fẹ́ kí bọ́tìnnì Share gbà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú.