Ìpayà kí èsì tó jáde: ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fura pé òun ti kó àrùn níbi ìbálòpọ̀ ló ń rí ikú níwájú, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oorun á dá lójú rẹ̀, oúnjẹ kò ní í wù ú jẹ, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná díẹ̀, á ní ó ti dé nìyẹn.

Ní ìlú bíi Òsì ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, tàbí Ìlọ́fà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ Kwara, ẹ̀rù mìíràn tún wà lórí èyí: ta ni yóò rí mi níbẹ̀? Níbi tí onílé ti mọ onílé, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń sún àyẹ̀wò síwájú títí tí àrùn tó rọrùn láti wò yóò fi di ńlá.

Ibi tí ẹ̀rù náà ti wá

Ọdún 1986 ni wọ́n kéde éèdì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò sí ìtọ́jú tó dúró sójú kan nígbà náà, orúkọ tí Yorùbá sì fún un ni àrùn kògbóògùn. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde sọ fáráyé pé éèdì ló pa á. Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Lọ́dún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn HIV, nígbà tó sì di 2006, ó di ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń lò ó déédéé lè pẹ́ láyé bí ẹlòmíràn. Bí kòkòrò náà bá sì ti kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò ní í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń bá ara wọn lò pọ̀. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe lọ́dún 2018, tí wọ́n kéde èsì rẹ̀ lóṣù kẹta, ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mẹ́rìnlá ló ní HIV nínú ẹgbẹ̀rún kan àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49.

Ọjọ́ tí àyẹ̀wò lè sọ òótọ́

Bí ewu náà kò bá tíì kọjá wákàtí 72, ẹ má ṣe jókòó sílé ronú. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28 láti dènà HIV.

Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ẹ fara balẹ̀ ka ọjọ́. HIV kì í hàn lọ́jọ́ tó wọ ara. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe lè gbà tó ọjọ́ 90 kó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí nǹkan kan. Ti ẹ̀jẹ̀ inú iṣan, tó ń wá apá kan lára kòkòrò náà pẹ̀lú, kì í ju ọjọ́ 45 lọ. Sífílíìsì náà lè gbà tó ọjọ́ 90. Àtọ̀sí àti kilamídíà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀; lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lè wá wọn nínú ìtọ̀ tàbí omi ojú ara.

Ẹ má gba èsì kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Bí àyẹ̀wò HIV àkọ́kọ́ bá ní ó wà, dandan ni kí wọ́n fi irú mìíràn tún un ṣe. Ibà tàbí oyún pàápàá lè mú kí àwọn àyẹ̀wò sífílíìsì kan sọ pé ó wà nígbà tí kò sí.

Ohun tí ìpayà ń ṣe lára

Àyà á máa já, òógùn á máa bò, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ènìyàn, inú á máa ru. Gbogbo èyí ni ìpayà lè fà láìsí àrùn kankan. Ní ìdà kejì, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní kilamídíà tàbí àtọ̀sí ni kò rí àmì kankan. Nítorí náà, wíwo ara lójoojúmọ́ nínú dígí kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Àyẹ̀wò nìkan ló lè dáhùn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ “staph” tí àwọn alágbo ń polówó nínú ọkọ̀ àti lórí rédíò. Kòkòrò yìí ń gbé nínú imú nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí ara wọn le koko. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ná owó rẹpẹtẹ lórí àgbo àti abẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń dúró de èsì

• Ẹ kọ ọjọ́ tí ewu náà ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ àyẹ̀wò sílẹ̀, kí ẹ má baà máa ṣírò rẹ̀ lóru.

• Ẹ sọ fún ẹnì kan tí kì í tú àṣírí.

• Ẹ dín kíkà nípa àìsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kù. Iṣẹ́ oko, ọjà àti ẹgbẹ́ yín, ẹ má pa wọ́n tì.

• Ẹ má ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì láti fi “fọ ara”. Ó lè bo àrùn mọ́lẹ̀ láìwò ó sàn.

• Ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù títí èsì yóò fi jáde.

• Bí ojú bá ń tì yín nílé, ẹ lọ sí Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 de òṣìṣẹ́ ìlera láti má ṣe tú àṣírí aláìsàn. Òfin mìíràn ti ọdún 2014 kan náà kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti fi àyẹ̀wò HIV ṣe gbèdéke iṣẹ́.

• Ẹ̀yin tí ìjọ yín ń béèrè àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó, ẹ ṣe é ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó dúró di ọ̀sẹ̀ ìyàwó kò ní àyè láti tún un ṣe.

Lẹ́yìn èsì

Bí èsì bá ní àrùn wà, sífílíìsì, àtọ̀sí àti kilamídíà ṣeé wò tán. HIV ní oògùn tí wọ́n ń lò títí ayé. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B ní ìtọ́jú, ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹni tí kò tíì ní in. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì yín náà lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bí ọjọ́ bá ti pé, tí èsì sì ní kò sí, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, kò nílò ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Ìpayà fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà, èyí náà sì ní ìtọ́jú: dókítà tó ń wo ọpọlọ àti ìrònú wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin. Ẹni tí èrò pípa ara rẹ̀ bá wá sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ dá wà. Kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.