Ìyípadà Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ ní Àwọn Yunifásítì Nàìjíríà láti 1948

Ìyípadà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni ìgbésẹ̀ tí ẹni tí yunifásítì ti gbà wọlé láti kọ́ ìmọ̀ kan fi ń kúrò nínú ìmọ̀ náà bọ́ sínú òmíràn. Kọ́ọ̀sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń pe ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀nà méjì ni ìyípadà náà ń gbà wáyé ní Nàìjíríà. Èkínní ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fúnra rẹ̀, nítorí pé ó rí i pé ohun tí òun mú kò bá òun lára mu. Èkejì ni èyí tí yunifásítì ṣe, nígbà tí ó fi ẹ̀ka mìíràn lọ ẹni tí kò rí àyè níbi tí ó kọ́kọ́ béèrè. Láti 1948 títí di òní, ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí ọ̀nà méjèèjì: ta ni ó ní àṣẹ láti yan iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ yóò fi ayé rẹ̀ ṣe, ta ni yóò sì ru ẹrù náà nígbà tí ọ̀nà bá yí padà?

Yábàá àti Ìbàdàn

Kí yunifásítì tó dé Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn ni ó ń pinnu ohun tí ọ̀dọ́ lè kọ́ àti ibi tí ẹ̀kọ́ náà lè gbé e dé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá, tí a ṣí ní 1934, ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ àwọn òyìnbó lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti jẹ́. Ìwé-ẹ̀rí tí ó ń fúnni kì í ṣe oyè yunifásítì. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an, èyí tí ó padà di Nigerian Youth Movement. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí ọmọ ilẹ̀ yìí lè kọ́ ẹ̀kọ́ dé òpin, kí ẹlòmíràn má sì fi ààlà sí i fún un.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1948, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní University College, Ìbàdàn, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí a kó wá láti Yábàá. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń bójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń gbà, títí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962. Ẹ̀ka ńlá mẹ́ta ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ìṣègùn, sáyẹ́ǹsì, àti áàtì, níbi tí a ti ń kọ́ èdè, ìtàn àti ìsìn. Ìṣègùn ni ó níyì jù lójú àwọn òbí àti olùkọ́, nítorí pé dókítà, bíi lọ́yà, lè dá dúró kí ó máa jẹun láìwo ojú òyìnbó kankan. Ọ̀dọ́ tí orí rẹ̀ bá pé jù ní ilé-ìwé, ọ̀nà ìṣègùn ni wọ́n máa ń tì í sí.

Chinua Achebe jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ogidi ní ilẹ̀ Ígbò ni. A bí i ní 1930, ó sì kàwé ní Government College, Umuahia. Ó tayọ nínú ìdánwò àṣewọlé ti Ìbàdàn débi pé wọ́n fún un ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láti wá kọ́ ìṣègùn ní 1948. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀nà òun. Ó fi ìṣègùn sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ìsìn. Bí ó ti yí ẹ̀ka padà ni owó ìrànwọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di dandan kí ó máa san owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Augustine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, yọ̀ǹda owó tí ì bá fi rìnrìn-àjò wálé ní àkókò ìsinmi, kí àbúrò rẹ̀ má bàa kúrò ní ilé-ìwé. Ìjọba náà fún un ní owó ìrànwọ́ mìíràn. Achebe gboyè ní 1953. Ní 1958 ni ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Things Fall Apart, jáde.

Christopher Okigbo, tí òun náà kàwé ní Umuahia, wọ Ìbàdàn ní 1950 pẹ̀lú èrò láti kọ́ ìṣègùn. Kò pẹ́ tí ó fi yí padà sí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Gíríìkì àti Látìn ayé àtijọ́. Ó gboyè ní 1956, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn akéwì tí ó lórúkọ jù ní Áfíríkà kí ogun abẹ́lé tó pa á ní 1967. Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1958, wọ́n rán Fẹlá Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ orin, Trinity College of Music, ni ó forúkọ sílẹ̀ sí. Olíkóyè àti Bẹ́kọ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, di dókítà ní tiwọn.

A kò gbọ́dọ̀ torí orúkọ ńlá tí àwọn wọ̀nyí padà ní gbàgbé bí ìpinnu wọn ti rí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ní 1949, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé Achebe yóò di òǹkọ̀wé. Ohun tí ojú rí ni ọmọ tí ó fi iṣẹ́ tí ó dájú sílẹ̀ lọ síbi tí kò dájú, àti ẹ̀gbọ́n tí kò lè lọ sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pinnu. Ẹbí ni ó bá a ru ẹrù rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù púpọ̀, àyè díẹ̀

Lẹ́yìn òmìnira, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ifẹ̀, Zaria àti Èkó tẹ̀ lé e ní 1962. Benin náà di yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Olúkúlùkù wọn ni ó ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, tí ó ń ṣe ìdánwò tirẹ̀, tí ó sì ń gbani wọlé bí ó ti wù ú. Ọ̀dọ́ tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè ra fọ́ọ̀mù yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó béèrè fún ìmọ̀ òfin níhìn-ín, kí ó béèrè fún ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ́hùn-ún. Bí gbogbo wọn bá gbà á, yóò wá yan èyí tí ó wù ú.

Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ìwé ìgbàwọlé púpọ̀ kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó yí ẹ̀ka padà. Ṣùgbọ́n àyè tí ó fi sílẹ̀ lè ṣófo lásán, nígbà tí ẹlòmíràn tí ó kúnjú ìwọ̀n wà nílé láìríbi lọ. Ọmọ tálákà tí agbára rẹ̀ kò ju fọ́ọ̀mù kan lọ kò ní irú òmìnira yìí rárá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì méje mìíràn sílẹ̀ láti 1975, ọ̀ràn náà le sí i. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ M. S. Angulu láti yẹ ètò ìgbàwọlé wò, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni ó sì bí àjọ JAMB. Òfin tí ó dá àjọ náà sílẹ̀ jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1978, nígbà tí yunifásítì jẹ́ 13.

JAMB àti ẹ̀ka tí a kò béèrè

JAMB sọ fọ́ọ̀mù di ọ̀kan, ó sì sọ ìdánwò di ọ̀kan. Láti ìgbà náà, olùdíje ń kọ yunifásítì àti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ sílẹ̀ ní ìtòtẹ̀léra. Bí ó bá fẹ́ yí i padà kí wọ́n tó gbà á wọlé, ọ̀dọ̀ àjọ náà ni yóò lọ, yóò sì san owó fún àtúnṣe náà. Ètò yìí dín ìlọ́po ìwé ìgbàwọlé kù. Ṣùgbọ́n ó gbé àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ olùdíje fún àwọn tí ń pín àyè, nítorí pé àyè kò tó.

Ìdí púpọ̀ ni ó fà á tí ènìyàn fi lè ṣe dáadáa nínú ìdánwò kí ó má sì rí ẹ̀ka tí ó fẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìṣègùn àti ìtọ́jú eyín ni ó ń pinnu iye akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin ń ṣe bákan náà fún ìmọ̀ òfin. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé kí àyè fún sáyẹ́ǹsì má dín ní ìdá 60 nínú 100. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 ni a ń pín nípa máàkì nìkan. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn tí ó wá láti agbègbè tí yunifásítì náà wà fún, ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. A ṣe ìpín yìí kí apá kan orílẹ̀-èdè má bàa gba gbogbo àyè lọ. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀, àwọn olùdíje méjì tí máàkì wọn dọ́gba lè gba èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tí kò bá rí àyè níbi tí ó fẹ́, yunifásítì lè fi ibòmíràn lọ̀ ọ́. Ìdánwò tí ó ṣe ni ó ń sọ ibi tí wọ́n lè gbé e sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ni olùdíje ń ṣe; ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn yóò ṣe báyọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì. Bí ìṣègùn kò bá bọ́ sí i, ìmọ̀ ewéko, ìmọ̀ ẹranko tàbí ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Ohun tí ó le ni pé àkókò kúkúrú ni ó ní láti ronú. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ó di ìdánwò ọdún tí ń bọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún un pé yóò rí ohun tí ó sàn jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ àwọn òbí ni pé ẹyẹ tí ó bà lé ọwọ́ ẹni ni à ń pè ní tẹni: kí ọmọ kọ́kọ́ wọlé ná.

Àṣẹ olùdíje nínú ètò CAPS

Ní 2005, lábẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Chinwe Obaji, àwọn yunifásítì gba àṣẹ láti tún yẹ àwọn olùdíje wò lẹ́yìn ìdánwò JAMB. Èyí dá apá kan nínú agbára ìgbàwọlé padà fún wọn. Ní 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlọ́yẹ̀dé jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ náà gbé ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ tí a ń pè ní CAPS. Orí ètò yìí ni gbogbo ìgbàwọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ohun pàtàkì tí CAPS fi kún ìtàn yìí ni pé ìyọ̀ǹda olùdíje di ohun tí a ń kọ sílẹ̀. Bí yunifásítì bá fẹ́ gbé e kúrò nínú ẹ̀ka tí ó béèrè lọ sí òmíràn, ìdámọ̀ràn náà yóò hàn lójú ewé tirẹ̀, yóò sì gbà tàbí kí ó kọ̀. Bí kò bá gbà, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà á wọlé pátápátá náà, òun ni yóò tún sọ bóyá òun tẹ́wọ́ gba àyè náà tàbí òun kọ̀ ọ́. Ìlànà yìí kò dá àyè tuntun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mú àìtó kúrò. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí yunifásítì yí ọ̀nà ọmọ padà láìsí ìmọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọ ọgbà yunifásítì

Ilẹ̀kùn kan ṣì wà lẹ́yìn ìgbàwọlé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fún ẹ̀ka mìíràn ní òpin ọdún àkọ́kọ́, bí máàkì rẹ̀ bá ga tó, bí èsì ìwé mẹ́wàá rẹ̀ bá ní àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀ka tuntun náà ń béèrè, tí àyè sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i gbà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní JAMB yí padà pẹ̀lú. Bí ẹ̀ka tí ó wà nínú ìwé ìgbàwọlé kò bá bá èyí tí ó gboyè nínú rẹ̀ mu, ìdíwọ́ lè dé nígbà tí àkókò bá tó láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Àwọn mìíràn kò dúró de ilẹ̀kùn náà. Chimamanda Ngozi Adichie, tí a bí ní 1977, dàgbà ní Nsukka nínú ilé tí Achebe ti gbé rí. Ó kọ́ ìṣègùn àti ìmọ̀ ìpoògùn ní yunifásítì ìlú náà fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ní ọmọ ọdún 19, ó fi í sílẹ̀, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀ sí ti Achebe: Achebe rí ẹ̀ka mìíràn bọ́ sí nínú ọgbà kan náà; Adichie sọdá òkun kí ó tó rí tirẹ̀.

Láti ìgbà Yábàá títí di ìgbà CAPS, ẹni tí ń pinnu ti yí padà ju ìgbà kan lọ: ìjọba amúnisìn, akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì, àti àjọ JAMB. Ẹni tí ń ru ẹrù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní 1949, owó ìsinmi ẹ̀gbọ́n kan ni. Lónìí, ó lè jẹ́ ọdún kan tí ọ̀dọ́ fi jókòó sílé de ìdánwò, tàbí ọdún mẹ́rin tí ó fi kọ́ ohun tí kò wù ú. Ìdí nìyí tí ìyọ̀ǹda tí a ń béèrè lọ́wọ́ olùdíje láti 2017 fi ṣe pàtàkì nínú ìtàn ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ kéré lójú: ó gbà pé ẹni tí yóò ru ẹrù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.