Ọ̀nà Ọ̀fun: Ìtàn Oògùn Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀

Ojú àwọn ará Mowe, Ibafo àti Ifo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ṣàjèjì sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí í máa gbé àpótí yìnyín kọ́ èjìká láti ojúlé dé ojúlé. Wọn a ní kí ọmọ ya ẹnu, wọn a kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì fi tàdáwà sàmì sí ìka rẹ̀. Bí abiyamọ kan bá béèrè pé, "Ara ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán oògùn yìí wò?", ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni ó béèrè. Ìtàn ni yóò dá a lóhùn.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀nà náà ṣòro fún oògùn pẹ̀lú, pàápàá èyí tí a mú jáde lára ohun abẹ̀mí. Ní ọdún 1921, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best fi ajá ṣe ìwádìí títí wọ́n fi rí ínsúlíìnì tí ó ń ká àrùn àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá gbé e mì, inú rẹ̀ yóò lọ̀ ọ́ bí ó ti ń lọ ẹran àti ẹyin. Ìdí nìyí tí ínsúlíìnì fi di ohun tí à ń fi abẹ́rẹ́ gún.

Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1908, ní ìlú Vienna, Karl Landsteiner àti Erwin Popper mú nǹkan díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kan tí àrùn náà pa, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fi í sí ọ̀bọ lára, ọ̀bọ sì kó àrùn náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀bọ ti di ẹlẹ́rìí. Ní New York, Simon Flexner gbára lé irú ọ̀bọ tí à ń pè ní rhesus. Bí a bá ki kòkòrò àrùn náà bọ ọ̀bọ yìí nímú, yóò ṣàìsàn; bí a bá fi í sínú oúnjẹ rẹ̀, kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Flexner wá gbà pé imú ni àrùn náà ń gbà wọ ara ènìyàn. Ní ọdún 1937, ní Toronto kan náà, wọ́n fín oògùn sí imú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé nítorí ìgbàgbọ́ yìí. Kò dáàbò bò wọ́n. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lè gbóòórùn mọ́. Ọ̀bọ kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó sọ. Ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn.

Ní ọdún 1941, Albert Sabin àti Robert Ward yẹ òkú àwọn tí àrùn náà pa wò, wọ́n sì bá kòkòrò náà nínú ìfun wọn. Ní ọdún 1952, Dorothy Horstmann àti David Bodian, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi kòkòrò náà fún ìnàkí àti irú ọ̀bọ mìíràn jẹ, wọ́n sì bá a nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹlẹ́rìí tí ó yẹ ti dé: ẹnu ni àrùn ń gbà wọlé.

Bí ẹnu bá jẹ́ ọ̀nà àrùn, èéṣe tí kò fi ní jẹ́ ọ̀nà oògùn? Kòkòrò yìí kò bẹ̀rù omi kíkan inú ikùn. Sabin gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó dán an wò lára ọ̀bọ àti ìnàkí, ó gbé e mì fúnra rẹ̀, ó sì fi í fún aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1959, Mikhail Chumakov fi í fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Ìtàn kò parí síbẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba oògùn, kòkòrò tí a gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ lè ràn kiri títí yóò fi tún rí agbára. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá oògùn náà dúró nítorí ìfura, àrùn sì tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní oṣù Ògún ọdún 2020 ni a kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ògidì kòkòrò náà. Ní ọdún 2021, Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo oògùn ẹlẹ́kán tuntun tí a ṣe kí ó má baà tètè yípadà.

Àwọn onímọ̀ kò sì gbàgbé ínsúlíìnì. Ní ọdún 2019, Giovanni Traverso, Robert Langer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ṣe oògùn gbígbémì kan tí ìrísí rẹ̀ dàbí ìgbá ìjàpá, tí ó máa ń yí ara rẹ̀ dúró bí a bá dojú rẹ̀ dé. Nínú ikùn ẹlẹ́dẹ̀, ó dúró bí ó ti yẹ, abẹ́rẹ́ kékeré inú rẹ̀ sì fi ínsúlíìnì sí ara ikùn. Ẹ̀rí ẹlẹ́dẹ̀ ni èyí. Ẹ̀rí ènìyàn ṣì ń bẹ níwájú nígbà náà.

Nítorí náà, abiyamọ tí ó béèrè ní Ibafo kò ṣe àfojúdi. Ọ̀bọ ni a kọ́kọ́ bi léèrè, lẹ́yìn náà ìnàkí, lẹ́yìn náà ẹni tí ó ṣe oògùn àti ilé rẹ̀, kí ó tó kan ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí ni ó yẹ kí ó ru àpótí yìnyín, nítorí ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.