Ẹ̀rí Igi Oṣè ní Ẹdẹ-Ilé

Ìtàn tó gbajúmọ̀ nípa Ẹdẹ ni pé Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá síbẹ̀, kó lè gba àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tó ń ná ọjà Àpòmù lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń dá wọn lọ́nà. Samuel Johnson kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Bí a bá fi ti ìtàn yìí nìkan ṣe, àgọ́ ọmọ ogun la máa pe Ẹdẹ. Èrò tèmi ni pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi oṣè ni mo sì fi ń jẹ́rìí.

Igi ọ̀dàn ni oṣè. Ìtì rẹ̀ a máa wú bàǹbà nítorí omi tó ń fà pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa wọ́ ewé lásìkò náà. Bí wọ́n bó èèpo rẹ̀ fi ṣe okùn, èèpo tuntun á tún bo ojú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi ni irú ìyẹn ì bá pa. Ewé rẹ̀ tí wọ́n sá, tí wọ́n gún kúnná, ni lúrú tí àwọn ará Ìlọrin fi ń se ọbẹ̀. Ìrókò ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, nítorí náà kò lè sọ ẹni tó gbé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣè kì í rọ́wọ́ mú lábẹ́ òjìji igbó. Síbẹ̀, oṣè wà ní Ẹdẹ-Ilé, ahoro ìlú Ẹdẹ àkọ́kọ́ tí awalẹ̀pìtàn Akin Ogundiran wú ilẹ̀ rẹ̀, ní àgbègbè igbó. Ènìyàn ló gbé e débẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní ọ̀bọ ló gbé èso rẹ̀ débẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti rí egungun ẹṣin àti àfọ́kù ìkòkò irú ti Ọ̀yọ́, ọ̀bọ kò sì mọ ìkòkò. Àtakò tó le díẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ èso tí wọ́n jẹ, tí wọ́n da kóró rẹ̀ sórí ààtàn, ló hù. Kó rí bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹnìkan ló dáàbò bò ó lọ́wọ́ ewúrẹ́ àti ọkọ́ títí ó fi dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni oṣè fi ń dàgbà kó tó so. Ọmọ ogun tó ń retí àtipadà sílé lọ́la kì í tọ́jú irú igi bẹ́ẹ̀. Ìdílé tó ti dá iná ọbẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, tó fẹ́ kí ọmọ òun rí lúrú sè, ló ń ṣe é.