Pápá eré ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò àti àwọn ọmọ Mallie Robinson



Lọ́dọọdún, nígbà ìdánwò BEPC àti BAC, àwọn ọmọ wa a máa sáré, wọn a máa fò, nítorí máàkì wà fún eré ìdárayá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ń sọ pé eré lásán ni, kì í ṣe ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa rántí ìyá kan ní Amẹ́ríkà.

Lọ́hùn-ún, irú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí kì í ṣe irú CEG tiwa. Lẹ́yìn ilé ìwé girama ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, fún ọdún méjì, nítòsí ilé. Ẹni tó bá fẹ́ lè gba ibẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ti Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois, bẹ̀rẹ̀ ní 1901. Ní California, ti Fresno bẹ̀rẹ̀ ní 1910, ti Pasadena ní 1924. Láyé ìgbà náà, ọmọ ìlú kì í san owó ilé ẹ̀kọ́ ní California. Wọ́n ní pápá, wọ́n ní olùkọ́ eré ìdárayá. Nígbà tó di 1938, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdíje láàárín wọn sílẹ̀ ní Fresno.

Ní 1920, Mallie Robinson, obìnrin aláwọ̀ dúdú, kó ọmọ márùn-ún kúrò ní Georgia lọ sí Pasadena. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó ló fi tọ́ wọn. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba aláwọ̀ dúdú láyè láti lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú náà. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú gba àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé.

Mack sáré níbẹ̀. Ní 1936, ó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Berlin nínú eré mítà 200: Jesse Owens lo ìṣẹ́jú àáyá 20.7, òun lo 21.1. Jackie àbúrò rẹ̀, àbíkẹ́yìn ilé, wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kan náà. Ní 1938, ó fò jìnnà ju ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fò dé lọ. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí yunifásítì UCLA ní 1939. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1947, ó wọ líìgì bésíbọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú fún ohun tó lé ní 50 ọdún.

Mack ńkọ́? Ó padà sí Pasadena pẹ̀lú fàdákà rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìlú rí fún un ni gbígbá títì. Aṣọ Òlíńpíìkì rẹ̀ ló ń wọ̀ gbálẹ̀ nígbà mìíràn.

Nítorí náà, a ò ní tan yín jẹ: ẹsẹ̀ yíyá nìkan kì í bọ́ni, bí ìlú kò bá ní ẹ̀tọ́ nínú. Àmọ́ ká ní kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́lé, tí kò gbowó, tó sì ní pápá, ibo ni ọmọ obìnrin tó ń fọṣọ fún ẹlòmíì ì bá gbà?

Àwa náà ní INJEPS ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ta ni olùkọ́ eré ìdárayá tí ẹ̀yin kò lè gbàgbé? Kí ló kọ́ yín? Ẹ sọ fún wa.